Jock Kinneir: Ọkùnrin tó ń sọ orúkọ ọ̀nà fún dírẹ́bà kó tó dé oríta

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tójú èmi fúnra mi rí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo wọ takisí l'Ékòó, mò ń sáré lọ bá ẹnì kan tí mo fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Dírẹ́bà ò mọ àdúgbò yẹn, èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n. Fóònù mi ti kú, tiẹ̀ ò ní dátà. Orúkọ òpópónà tá à ń lọ nìkan ló wà lọ́wọ́ wa. Bá a ṣe ń sáré lọ lójú títì, mò ń wo ọ̀tún, mò ń wo òsì.

Ká má parọ́, pátákó orúkọ òpópónà náà wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹnu kọ́nà gan-an ni wọ́n rì í mọ́, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa, lẹ́tà ara rẹ̀ sì kéré. Ìgbà tí mo máa fi kà á tán, a ti ń kọjá rẹ̀ lọ. Mo pariwo pé ibí nìyí o! Dírẹ́bà tẹ bíréèkì, ó yà sọ́tùn-ún lójijì, ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ mọ́tò. Ọlọ́run ló yọ gbogbo wa. Ọlọ́kadà yẹn bú wa débi pé èébú náà kan àwọn tó ti kú nílé wa, mi ò sì rí i bá wí.

Nígbà tí àyà mi balẹ̀ tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ta ló jẹ̀bi gan-an? Ṣé dírẹ́bà ni? Ṣé èmi tí mo pariwo ni? Àbí ẹni tó fi pátákó síbi tó jẹ́ pé, tó o bá fi máa rí i, ó ti bọ́? Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ti kú láti ọdún 1994. Jock Kinneir lorúkọ rẹ̀. Láàárín àwọn oníṣẹ́ ọnà lágbàáyé, orúkọ ńlá ni. Bẹ́ ẹ bá sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń wa mọ́tò ní London, Manchester tàbí Leeds, ojoojúmọ́ lẹni yẹn ń ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó lè má gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ọmọ Aldershot

Richard lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, àmọ́ Jock ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n bí i lọ́jọ́ 11, oṣù Kejì, ọdún 1917, nílùú Aldershot, ní Hampshire, lápá gúúsù ilẹ̀ England. Ìlú àwọn ṣọ́jà ni Aldershot, Ogun Àgbáyé Kìíní ò sì tíì parí nígbà yẹn.

Nígbà tó dàgbà, iṣẹ́ ọnà ló wù ú. Láti ọdún 1935 sí 1939, ó wà nílé ẹ̀kọ́ Chelsea School of Art ní London, níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ fínfín, ìyẹn iṣẹ́ kéèyàn máa fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gbẹ́ àwòrán sára páànù tàbí igi kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Iṣẹ́ sùúrù ni. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, àwòrán ti bà jẹ́ nìyẹn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí a ṣì máa padà síbẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó ìròyìn. Òun ló ń ṣètò bí wọ́n ṣe máa to àwọn ohun àfihàn kí ará ìlú lè wò ó kí ó sì yé wọn. Ó tún ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Design Research Unit. Nígbà tó di ọdún 1956, ó dá tiẹ̀ sílẹ̀, ó sì tún ń padà lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Chelsea lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ogójì ọdún ku ẹyọ kan ni nígbà náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé téèyàn bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún láì tíì gbajúmọ̀, ó ti tán nìyẹn, ẹ fara balẹ̀ o.

Ibùdókọ̀ ni oríire ti bá a

Ẹ wo bí orí ṣe ń ṣe é. Kinneir máa ń dúró de bọ́ọ̀sì, ẹlòmíì tó ń gbé nítòsí náà sì máa ń dúró de bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ dọ̀rọ̀, ó di pé onítọ̀hún jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ayàwòrán ilé tó ń ṣiṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú tuntun ní Gatwick. Báyìí ni Kinneir ṣe rí iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ gbà: kó ṣe gbogbo pátákó tó máa máa júwe ọ̀nà fún àwọn èrò ní Gatwick, tó ṣí lọ́dún 1958.

Ẹ̀yin náà ẹ wo pápákọ̀ òfurufú wò. Èrò gbé ẹrù, ó ń sáré, kò mọ ibẹ̀ rí, ẹ̀rù sì ń bà á pé bàálù máa fi òun sílẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í dúró ka ìwé. Tí pátákó ò bá tètè sọ̀rọ̀, kò sọ nǹkan kan nìyẹn. Ibẹ̀ ni Kinneir ti rí i pé kì í ṣe ẹwà pátákó ni kóun kọ́kọ́ wò, bí kò ṣe ipò tí ẹni tó fẹ́ kà á wà.

Iṣẹ́ náà pọ̀, ó nílò olùrànlọ́wọ́. Ó mú ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Chelsea, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Margaret Calvert, tí wọ́n bí ní Durban, lórílẹ̀-èdè South Africa. Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn títí Calvert fi di alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gan-an lọ́dún 1964, tí orúkọ àwọn méjèèjì sì wà lára ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀gá tó mú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ ò wọ́pọ̀, nígbà yẹn àti nísinsìnyí.

Iṣẹ́ mìíràn tún wọlé láti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi P&O: kó ṣe àmì tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ẹrù èrò kí àwọn alááàrù lè tètè mọ ibi tí wọ́n máa gbé e lọ. Colin Anderson ni alága P&O. Ọkùnrin yìí kan náà ni ìjọba Britain wá fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó máa ṣètò pátákó fún àwọn ọ̀nà márosẹ̀ tuntun lọ́dún 1957. Anderson ò wá ẹlòmíì káàkiri. Kinneir ló ránṣẹ́ pè.

Eré tuntun, wàhálà tuntun

Kí ẹ tó mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe le tó, ẹ gbọ́ bí títì wọn ṣe rí tẹ́lẹ̀. Oríṣiríṣi èèyàn ló ń ri pátákó mọ́lẹ̀ ní Britain. Ìjọba ìbílẹ̀ ń ri tiwọn, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò náà ń ri tiwọn. Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù, bí ti ibí ṣe rí kọ́ ni ti ọ̀hún ṣe rí. Lọ́dún 1961, oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Herbert Spencer gbé kámẹ́rà, ó ya àwọn pátákó tó wà láti àárín London títí dé pápákọ̀ òfurufú Heathrow, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Rúdurùdu tó wà níbẹ̀ ti gbogbo èèyàn lójú.

Nígbà tí mọ́tò ò yára, kò burú jù. Béèyàn bá ṣì í, á dúró, á béèrè. Àmọ́ ọ̀nà márosẹ̀ ń bọ̀, kò sì sí òfin tó dá eré sísá dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí i. Ta ló fẹ́ dúró láàárín ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láti ka pátákó?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Mọ́tò tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ nǹkan bíi mítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tó bá ń sá 100, ó di nǹkan bíi mítà 28. Ká wá ní dírẹ́bà nílò ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré láti rí orúkọ, kó kà á, kó wo dígí, kó tanná pé òun fẹ́ yà, kó sì dẹ eré. Lórí eré 60 yẹn, mọ́tò ti lọ nǹkan bíi mítà 83 kó tó ṣe gbogbo ẹ̀ tán. Torí náà, pátákó tó jẹ́ pé ẹnu kọ́nà ni wọ́n ti lè kà á ti pẹ́ jù. Ẹni tó ti mọ̀nà tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè ràn lọ́wọ́, ìyẹn sì ni ẹni tí kò nílò rẹ̀.

Ohun tí Kinneir bi ara rẹ̀ nìyẹn: kí ni dírẹ́bà fẹ́ mọ̀, ìgbà wo ló sì yẹ kó mọ̀ ọ́n? Òun àti Calvert ya àwọn pátákó àyẹ̀wò, wọ́n gbé wọn lọ síbi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilẹ̀, wọ́n tún gbé wọn ti igi ní Hyde Park, wọ́n ń sún sẹ́yìn, wọ́n ń wò ó bóyá wọ́n ṣì lè kà á.

Lọ́jọ́ 5, oṣù Kejìlá, ọdún 1958, olórí ìjọba, Harold Macmillan, ṣí ọ̀nà márosẹ̀ àkọ́kọ́ ní Britain, èyí tó gba ẹ̀yìn ìlú Preston kọjá, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi máìlì mẹ́jọ. Pátákó Kinneir ni wọ́n fi dánra wò níbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, M1 ṣí, òun náà sì gbé pátákó aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi lẹ́tà funfun kọ.

Ìjà lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré

Ibí yìí dùn mọ́ èmi oníwèé ìròyìn. Nígbà tí mo wà ní poli, wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó dúró sódìkejì títì gbọ́dọ̀ lè ka àkọlé ìwé ìròyìn lórí tábìlì fẹ́ńdọ̀. Èmi rò pé lẹ́tà ńlá látòkèdélẹ̀ ló máa ṣe é. Kinneir ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi LAGOS wé Lagos. Èyí àkọ́kọ́ rí bíi páálí onígun mẹ́rin, gbogbo orí dọ́gba. Nínú èkejì, L dúró gan-an, g sì na ìrù sísàlẹ̀. Kójú tó ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó lè ti dá ìrísí ọ̀rọ̀ náà mọ̀, bá a ṣe ń dá èèyàn mọ̀ látọ̀ọ́kán nípa ìrìn rẹ̀. Torí náà, Kinneir ní kí lẹ́tà àkọ́kọ́ jẹ́ ńlá, kí ìyókù jẹ́ kékeré. Ó tẹ ìdí lẹ́tà l kó má bàa jọ I. Ó tún ṣètò àlàfo tó wà láàárín lẹ́tà sí lẹ́tà, kẹ́ni tó ń ṣe pátákó níbikíbi má bàa fún wọn pọ̀. Ṣé ẹ rántí iṣẹ́ fínfín tó kọ́? Ọwọ́ yẹn ló ń bá ṣiṣẹ́. Transport lorúkọ irú lẹ́tà náà.

Inú gbogbo èèyàn kọ́ ló dùn. Agbẹ́lẹ́tà kan tó mọṣẹ́ dunjú, David Kindersley, ní lẹ́tà ńlá tòun máa dáa jù, pé kò sì ní gba àyè púpọ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọ́n gbé ìdánwò kalẹ̀ ní pápá bàálù Benson, ní Oxfordshire. Wọ́n fi àwọn èèyàn jókòó, wọ́n gbé pátákó sórí mọ́tò, wọ́n ń wà á bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń wo ibi tí wọ́n ti máa lè kà á.

Mi ò ní tàn yín, lẹ́tà Kindersley ló fi díẹ̀ ṣíwájú. Àmọ́ ìyàtọ̀ náà kéré gan-an, ti Kinneir nìjọba sì dì mú. Àwọn kan ń jiyàn lé e lórí dòní. Lójú tèmi, lẹ́tà nìkan kọ́ ló gbé Kinneir ga, bí kò ṣe ètò tó ṣe yí lẹ́tà náà ká.

Máàpù nínú pátákó

Lọ́dún 1961, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ mìíràn dìde lábẹ́ Walter Worboys, pé kó tún pátákó gbogbo ọ̀nà tó kù ṣe, látorí títì ńlá dé ọ̀nà abúlé. Kinneir náà ni wọ́n tún gbéṣẹ́ fún.

Ohun tó ṣe rèé. Bẹ́ ẹ bá ń sún mọ́ oríta ńlá, ẹ máa rí pátákó kan ṣáájú. Ìlà kan gbéra nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń lọ sókè: ọ̀nà tẹ́ ẹ wà lórí rẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ráńdábáòtù ló wà níwájú, ẹ máa rí òbìrí, àwọn ẹ̀ka á sì yọ lára rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa yọ lójú títì gan-an. Orúkọ ibi tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń lọ wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀nà tó ṣe pàtàkì, ìlà rẹ̀ nípọn. Èyí tó kéré, ìlà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Kò ní kí dírẹ́bà máa ro ibi tí àríwá tàbí gúúsù wà. Láti orí ìjókòó rẹ̀ ló ti ń wò ó. Ó ti rí oríta náà kó tó dé ibẹ̀.

Kò tún fi iwọ̀n pátákó lélẹ̀ kó wá máa fún ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ wà níbẹ̀ àti eré tí mọ́tò ń sá lójú ọ̀nà náà ló ń sọ bí pátákó ṣe máa tóbi tó. Lórí ọ̀nà márosẹ̀ wọn lónìí, máìlì kan ṣáájú lo ti máa rí orúkọ ibi tó o ti máa bọ́ sílẹ̀, wàá tún rí i ní ààbọ̀ máìlì, lẹ́yìn náà ni pátákó kékeré onílà mẹ́ta, onílà méjì àti onílà kan á máa kà á sẹ́yìn fún ẹ. Tó o bá ń sá 70 máìlì tí òfin gbà, pátákó àkọ́kọ́ yẹn fún ẹ tó ìṣẹ́jú àáyá 50. Tẹ́nì kan bá wá já sọdá lójijì, ti ara rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ti sọ fún un.

Àwọn bàbá wa sọ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Mi ò rí òwe tó bá iṣẹ́ ọkùnrin yìí mu tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 1965 ni àwọn pátákó tuntun náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ òfin. Lára wọn ni àwòrán àwọn ọmọ tó ń sọdá títì, níbi tí ọmọbìnrin ti ń fa ọmọkùnrin kékeré lọ́wọ́. Calvert ló yà á, ara rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé ló sì wò yà á. Irú lẹ́tà Transport kọjá Britain, wọ́n lò ó ní Ireland, Iceland, Portugal àti ilẹ̀ Gíríìsì.

Ìgbẹ̀yìn ọkùnrin náà

Kinneir àti Calvert tún ṣe irú lẹ́tà mìíràn tí wọ́n lò ní ọsibítù, ní rélùwéè àti ní pápákọ̀ òfurufú Britain. Ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Royal College of Art, ó sì ṣe olórí ẹ̀ka wọn níbẹ̀. Lọ́dún 1980, ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde, Words and Buildings, lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sára ilé. Ó kú lóṣù Kẹjọ, ọdún 1994, lẹ́ni ọdún 77.

Kò kọ orúkọ ara rẹ̀ sára pátákó kankan. Orúkọ Birmingham ló kọ, orúkọ Oxford, orúkọ àwọn abúlé kéékèèké. Dírẹ́bà tó yà síbi tó yẹ kó yà kì í rántí béèrè ẹni tó sọ fún un. Ẹni tí jàǹbá ò ṣẹlẹ̀ sí kì í mọ̀ pé ẹnì kan gba òun là.

Kí ló kan àwa?

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé òyìnbó nìkan ló gbọ́n. Ọgbọ́n yìí ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́. Ẹ wo màmá yín bó ṣe ń júwe ilé. Á ní bó o bá ti rí mọ́ṣáláṣí kan, má tíì yà o, àmọ́ máa dẹ eré, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì ni wàá yà. Mọ́ṣáláṣí yẹn kì í ṣe ibi tó ò ń lọ. Ìkìlọ̀ ni. Ẹ tún wo kọ̀ńdọ́ dánfó. Ṣé ó máa ń dúró dìgbà tí bọ́ọ̀sì bá kọjá Òjòdú kó tó pe Òjòdú? Rárá. Á ti pè é sílẹ̀, ìwọ á sì ti dáhùn pé ó wà o, kí dírẹ́bà tó rọra fi ẹ̀gbẹ́ títì ṣe tiẹ̀. Pátákó tó ń sọ̀rọ̀ ni kọ̀ńdọ́.

Ohun tí màmá wa ń ṣe nílé, tí kọ̀ńdọ́ ń ṣe lẹ́nu ilẹ̀kùn, ló yẹ kí ìjọba wa máa ṣe lẹ́bàá títì. Ní Amẹ́ríkà, pátákó kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ: ó ń sọ orúkọ òpópónà tó ń bọ̀ àti pé ibi iná títì tó kàn ló wà. Kí àwọn tó wà nípò máa ri orúkọ mọ́ ẹnu kọ́nà, ó dáa. Láwọn títì ńlá tí mọ́tò ti ń sáré, kí wọ́n tún ri òmíràn síwájú, kó kọjú sí ẹni tó ń bọ̀, kí lẹ́tà rẹ̀ tó kà, kó máa tàn lálẹ́. Kí wọ́n sì má jẹ́ kí pósítà olóṣèlú bò ó.

Google Maps wà, mo mọ̀. Àmọ́ fóònù máa ń kú, dátà máa ń tán, ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn rẹ ò sì gbọ́ ohun tí fóònù rẹ ń sọ.

Kó tó dìgbà yẹn, ohun témi ń ṣe nìyí: mi ò kì í béèrè ibi tí mo ti máa yà nìkan mọ́. Mo máa ń béèrè ohun tí màá kọ́kọ́ rí kí n tó dé ibẹ̀. Tá a bá sì ti kọjá kọ́nà, màá dákẹ́ ni. Ká lọ yí padà níwájú sàn ju ká já sọ́tùn-ún lójijì. Ọlọ́kadà ọjọ́ yẹn, níbikíbi tó bá wà, kó máà bínú sí wa mọ́.